Ohun tí gbòǹgbò ń fi yùríà ṣe

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó ń dáko báyìí lọ́nà Ìta-Ògbólú, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi ní Àkúrẹ́. Ó gbin àgbàdo sí apá kan oko rẹ̀, ó gbin tòmátì sí apá kejì. Inú àpò yùríà kan náà, ajílẹ̀ òyìnbó oníhóró funfun, ló ti bù sí méjèèjì. Ti àgbàdo, ìgbà tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa ló bù ú, ó sì fi ọkọ́ wa ilẹ̀ bò ó. Ti tòmátì, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó kó o kúrò ní nọ́sìrì ni, nígbà tí òjò ti dá nínú oṣù Kẹjọ: ìkúnwọ́ kékeré kọ̀ọ̀kan sí ìdí igi, kò bò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún fọ́n eérú lé e nítorí kòkòrò. Àgbàdo gbà á, ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Tòmátì ní tirẹ̀ ká ewé kò, etí ewé ń jó, ìwọ̀nba èyí tó sì so lẹ́yìn náà ń dúdú nídìí. Aládùúgbò kan ní ayédèrú ni yùríà náà. Òmíràn ní májèlé ni gbogbo ajílẹ̀ òyìnbó. Ìyá ní kí n má tíì sọ èyí tí òun máa rà fún òun, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí gbòǹgbò ń fi nǹkan funfun yẹn ṣe: "Ṣé ó ń mu ún bí omi iyọ̀ ni, àbí ó ń jẹ ẹ́?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìnáwó. Ó hàn pé tíṣà lẹ jẹ́ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń pè mí, "Àpò mélòó ni kí n dà sí i?" ni wọ́n ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín da ẹjọ́ ayédèrú nù. Ayédèrú kì í mú ewé àgbàdo dúdú. Yùríà gidi lẹ rà. Kì í sì í ṣe májèlé, àyàfi bí a bá fẹ́ pe ẹ̀gẹ́ náà ní májèlé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ ni, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Yùríà tí ẹ bù yẹn, kì í ṣe òun gan-an ni gbòǹgbò ń retí. Gbòǹgbò lè fa díẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni ilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fọ́. Ẹ́ńsáìmù kan (ohun tó ń mú kí ìyípadà yára nínú ohun abẹ̀mí) wà tí wọ́n ń pè ní yùríésì, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń ṣe é. Bí yùríésì bá bá yùríà pàdé nínú ilẹ̀ tó lọ́rinrin, ọjọ́ mélòó kan ti tó, yùríà á di amóníọ̀mù. Amóníọ̀mù yìí ni ọ̀rọ̀ wa. Òun náà ló wà nínú ìgbẹ́ adìẹ tútù, òun ló wà nínú èyí tó pọ̀ nínú NPK, ajílẹ̀ alápòpọ̀. Òórùn tó máa ń ta èèyàn nímú nínú ilé adìẹ tí wọn kò kó, ìkejì rẹ̀ tó ti di afẹ́fẹ́ ni, èyí tí a ń pè ní amóníà. Nínú kìlógíráàmù 100 yùríà, 46 ni náítírójìn, oúnjẹ gan-an tí igi ń wá nínú amóníọ̀mù. Nínú ajílẹ̀ oníhóró tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, kò sí èyí tí náítírójìn rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àpò 50 kìlógíráàmù kan gbé 23. Ìdí nìyẹn tí ìkúnwọ́ yùríà kì í fi í ṣe ẹgbẹ́ ìkúnwọ́ NPK 15-15-15, tí náítírójìn rẹ̀ jẹ́ 15 nínú 100.

Ẹ rántí àmì ìròpọ̀ tí ẹ máa ń kọ sójú pátákó. Irú àmì yẹn ni amóníọ̀mù gbé lára. Amọ̀ àti ewé jíjẹrà ní àmì ìyọkúrò, nítorí náà wọ́n máa ń dì í mú, òjò kì í tètè wọ́ ọ lọ. Àmọ́ ilẹ̀ tiwa ní agbègbè Àkúrẹ́, lórí àpáta yìí, iyanrìn ló pọ̀ lókè rẹ̀, amọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tó lágbára ìdìmú púpọ̀. Ewé jíjẹrà ló ń bá wa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń dáná sun gbogbo ìràwé oko rẹ̀ lọ́dọọdún, àkáǹtì báǹkì ló ń sun.

Amóníọ̀mù kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ tó gbóná tó sì láfẹ́fẹ́. Àwọn bakitéríà kan ń fi ṣe oúnjẹ òòjọ́ wọn: ẹgbẹ́ kan á sọ ọ́ di náítíráìtì, ẹgbẹ́ kejì á sọ ìyẹn di náítírétì. Ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló ya wọ́n sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890. Nínú oòrùn àti ọ̀rinrin tiwa, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Náítírétì gbé àmì ìyọkúrò, amọ̀ kò fẹ́ ẹ, òjò ńlá kan sì lè gbé e rìn kọjá ibi tí gbòǹgbò dé. Nítorí náà, oríṣi náítírójìn méjì ló máa ń wà níwájú gbòǹgbò nígbà gbogbo. Bó ṣe ń ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe sí èkejì, ibẹ̀ gan-an sì ni tòmátì yín ti kọsẹ̀.

Ẹ fọkàn bá mi lọ sí ìdí àgbàdo yín. Ní etí gbòǹgbò kékeré, àwọn irun kan wà tó tín-ín-rín ju irun orí èèyàn lọ. Lára awọ sẹ́ẹ̀lì wọn ni ìlẹ̀kùn amóníọ̀mù wà. AMT (ìgékúrú "ammonium transporter") ni àwọn onímọ̀ ń pe ìlẹ̀kùn yìí, ọdún 1994 sì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ti igi. Ìlẹ̀kùn tó gbọ́n ni. Bí ebi náítírójìn bá ń pa igi, igi á ṣe púpọ̀ sí i. Bí ó bá yó, á ti àwọn kan pa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí amóníọ̀mù bá ti kún ìta jù, kò dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn mọ́. Ó ń gba ojú mìíràn wọlé, títí kan ojú ọ̀nà tí potásíọ̀mù ń gbà, torí pé ìwọ̀n ara wọn sún mọ́ra.

Bó bá ti wọlé, kí ni igi ń fi ṣe? Ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá hú ẹ̀gẹ́ lónìí, kò ní dúró dè yín. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti ń dúdú nínú, bẹ́ẹ̀ èyí tó korò, ẹ kò lè jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ ní láti bẹ ẹ́, kí ẹ rìn ín, kí ẹ fún un, kí ẹ yan án. Igi ìdáná gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó hú u. Amóníọ̀mù nìyẹn. Gbòǹgbò kò lè kó o pa mọ́ lọ́pọ̀ yanturu, ó gbọ́dọ̀ sè é ní kíá, ibi tó bá sì wọlé sí, nínú gbòǹgbò níbẹ̀, ni wọ́n ti ń se èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣúgà tí ewé fi oòrùn ṣe, tó sọ̀ kalẹ̀ wá, ni igi ìdáná. Náítírétì ní tirẹ̀ dà bí àgbàdo gbígbẹ tí a kó sí àká. Igi lè fi pa mọ́ sínú àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí ewé, kí ó lò ó nígbà tó bá wù ú. Àmọ́ àgbàdo gbígbẹ náà ń fẹ́ lílọ̀. Kí náítírétì tó wúlò, igi gbọ́dọ̀ ná ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 8, tí agbára oòrùn àti ṣúgà ń pèsè, lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti sọ ọ́ padà di amóníọ̀mù. Nítorí náà amóníọ̀mù ló rọ̀ jù ní owó, náítírétì ló rọ̀ jù ní ìtọ́jú.

Bí wọ́n ṣe ń sè é gan-an wù mí láti sọ, ẹ dákun ẹ fara dà á. Nínú sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò ni nǹkan kan wà tó ń jẹ́ glutamate. Ẹ́ńsáìmù kan á so amóníọ̀mù mọ́ ọn lára, á sì ná agbára sí i. Bí wọ́n bá ti so pọ̀, wọ́n di glutamine. Ẹ́ńsáìmù kejì á wá mú glutamine yìí pẹ̀lú ègé kan tí wọ́n yọ lára ṣúgà, á pín ẹrù náà láàárín wọn, glutamate méjì á sì jáde. Ọ̀kan á padà sẹ́nu iṣẹ́, á lọ gba amóníọ̀mù mìíràn. Èkejì ni igi máa mú lọ fi ṣe purotéènì, àwọ̀ ewé, irúgbìn àti ohun tó kù. Bí a ṣe ń gé orí iṣu sílẹ̀ fún gbígbìn, tí a ń jẹ ìyókù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Títí di 1974, ẹ́ńsáìmù mìíràn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún yẹn ni Lea àti Miflin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé igi náà ní ẹ́ńsáìmù kejì tí mo sọ yẹn. Ilé ìdáná kan náà ni ẹ̀wà àti ẹ̀pà ń lò. Bí ẹ bá fa ẹ̀wà tu, ẹ ó rí kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá fi èékánná fọ́ ọ̀kan, tí inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ẹran, bakitéríà inú rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn: inú afẹ́fẹ́ ló ti ń mú náítírójìn, tó ń sọ ọ́ di amóníọ̀mù fún ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní májèlé.

Ó wá ku ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́. Bí gbòǹgbò bá ti gba ohun tó ní àmì ìròpọ̀ wọlé, ó gbọ́dọ̀ lé òmíràn tó ní irú àmì yẹn jáde, kí ìṣirò má baà daru. Háídírójìn tó ní àmì ìròpọ̀ ló ń tú sílẹ̀, ìyẹn ni ohun tó ń mú kí nǹkan máa kan bí ògì kíkan. Bí ó bá jẹ́ náítírétì ló ń jẹ, ìdàkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí i. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa da jẹ́lì sínú àwo pẹlẹbẹ méjì, ó po aró kan mọ́ ọn tó máa ń yí padà bí nǹkan bá ti ń kan. Ó tẹ́ gbòǹgbò àgbàdo kékeré sí méjèèjì, amóníọ̀mù wà nínú ọ̀kan, náítírétì wà nínú èkejì. A jáde lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé, yí gbogbo gbòǹgbò àwo àkọ́kọ́ ká ti pọ́n bí èso ìyeyè, ti èkejì sì ti di àwọ̀ èsè àlùkò. Àgbàdo kan náà, ọjọ́ kan náà o. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé gbòǹgbò kì í ṣe kànǹkàn tó ń fa omi lásán.

Bí amóníọ̀mù bá wọlé ju ohun tí ṣúgà lè bá a sè lọ, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà síta, ìta á tún máa ti í wọlé. Bí ará Ìlàjẹ tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó jò ni: ó ń ṣiṣẹ́, ó ń làágùn, kò kúrò lójú kan. Agbára tó yẹ kó fi yọ gbòǹgbò tuntun ló ń ná síbẹ̀. Gbòǹgbò á kúrú, á nípọn, á di pupa rúsúrúsú. Potásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù kì í tún rójú ọ̀nà wọlé bó ṣe yẹ. Ewé á ká kò, etí rẹ̀ á jó.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gbìn lèyí ń bá dọ́gba. Ìrẹsì àkùrọ̀ kò bẹ̀rù amóníọ̀mù rárá. Inú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sí, àwọn bakitéríà tó ń sọ ọ́ di náítírétì kò ríṣẹ́ ṣe, amóníọ̀mù sì ni oúnjẹ tí ìrẹsì mọ̀. Àgbàdo fẹ́ràn kí méjèèjì wà pọ̀, ó sì jẹ́ ọ̀gbìn tó ń pọ ṣúgà púpọ̀ nínú oòrùn. Tòmátì wà lára àwọn tí amóníọ̀mù ń tètè ni lára. Náítírétì ló fẹ́ kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wò ó: èyí tó lágbára, ẹ bu tirẹ̀ nígbà òjò, ẹ bò ó, òjò tú u ká, bakitéríà sì yí púpọ̀ padà kó tó dé ẹnu gbòǹgbò. Èyí tí kò lágbára, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní nọ́sìrì, tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì já, tí ewé rẹ̀ kò tíì tó nǹkan, ẹ wa ìkúnwọ́ fún un nínú ọ̀dá. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ nílẹ̀, igi ìdáná kò sí. Yàtọ̀ sí amóníọ̀mù, ajílẹ̀ tó kó jọ nínú ilẹ̀ gbígbẹ tún máa ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò, bí iyọ̀ ṣe ń fa omi lára ẹja tí a fi pa. Nítorí náà, omi iyọ̀ tí ẹ sọ yẹn, ẹ kò jìnnà sóòótọ́.

Ti ìdí dúdú: kì í ṣe àrùn, ẹ má ra òògùn kankan sí i. Kálísíọ̀mù ni kò dé ìdí èso tó. Inú omi tó ń lọ sókè ló ń bá rìn. Bí omi bá ń ṣẹ́, bí amóníọ̀mù bá tún dí i lọ́nà, ìdí èso tó jìnnà jù lọ ló máa ń kọ́kọ́ jìyà.

Ọ̀rọ̀ eérú wá kù. Ẹ má bínú, Màmá, ibẹ̀ ni owó yín ti fò lọ. Nínú ilẹ̀ tó kan díẹ̀, bíi pH 6 (pH ni òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀: bó ṣe ń lọ sókè ni kíkan ń dín kù), kò tó 1 nínú 1,000 amóníọ̀mù tó máa ń di amóníà. Bí pH bá fi lé díẹ̀ kọjá 9, ìdajì rẹ̀ ti di afẹ́fẹ́. Eérú, pàápàá eérú èèpo kókó tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, lè gbé ojú ilẹ̀ dé ibẹ̀ kíákíá. Yùríà fúnra rẹ̀, nígbà tó bá ń fọ́, máa ń gbé pH sókè láyìíká hóró rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ bò ó. Eérú wá bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ bu NPK ṣíbí kan sínú agolo, ẹ bu eérú ṣíbí kan lé e, ẹ ta omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sí imú láti òkèèrè. Ẹ má tẹ imú bọ inú rẹ̀ o. Òórùn ilé adìẹ tí ẹ ó gbọ́ yẹn, ajílẹ̀ yín ló ń lọ. Amóníà yẹn náà ń jó ewé tó bá sún mọ́lẹ̀.

N kò bá eérú jà. Yùríà tí a bá ń lò lọ́dọọdún máa ń mú kí ilẹ̀ kan, torí àwọn bakitéríà tí mo sọ ń tú háídírójìn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí amóníọ̀mù padà. Eérú ń tún ìyẹn ṣe, ó sì ní potásíọ̀mù. Ìgbà wọn ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ da eérú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbìn, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀. Kí ajílẹ̀ tẹ̀ lé e nígbà tó bá yá.

Ní báyìí, ẹ ha eérú ojú ilẹ̀ náà kúrò níwọ̀n bí ẹ bá ti lè ṣe é. Ẹ fi omi rin ìdí tòmátì dáadáa, kì í ṣe wíwọ́n. Kí omi wọlé, kí ó gbé ẹrù yẹn kúrò lẹ́nu gbòǹgbò. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ara igi. Ẹ já èso tí ìdí rẹ̀ ti dúdú dànù, kò ní sàn. Ẹ má tún fi ajílẹ̀ kankan kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá yọ ewé tuntun tó tẹ́jú, tó sì ń tanná, kálísíọ̀mù náítírétì díẹ̀ tí a pò mọ́ omi ló máa bá a lára mu jù; àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irúgbìn ẹ̀fọ́ máa ń ní in. Fún èyí tí ẹ máa gbìn tẹ̀ lé e, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà tán, tí kò rùn mọ́, ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ṣáájú.

Ti àgbàdo, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin náà tíṣà. Bí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 sí àárín ebè, 25 sí àárín igi, igi 53,333 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Àpò yùríà méjì fún hẹ́kítà jẹ́ gíráàmù 100,000. Ẹ pín in: kò pé gíráàmù 2 fún igi kan. Ìkúnwọ́ kékeré kan kò ní dín ní gíráàmù 20. Ẹ wá ìdérí ìgò mínírà, ẹ wọn yùríà ìdérí 100 sórí òṣùwọ̀n, ẹ fi 100 pín in, ẹ ó mọ ìwọ̀n tí ìdérí yín ń gbà. Kí ó jìnnà sí ìdí igi tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ó wọlẹ̀ tó oríkèé ìka méjì, kí ẹ bò ó. Ìlàjì lẹ́ẹ̀kan, ìlàjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, sàn ju gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń bomi rin ín. Ẹ fi ọ̀bẹ wa ìdí tòmátì kan tó ti jó jù, ẹ fà á tu jẹ́jẹ́, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú abọ́ omi, kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ṣónṣó funfun tuntun tó ń yọ lára àwọn tó ti pupa, ẹ má hú ìyókù. Bí kò bá sí ọ̀kan, ẹ tètè kó o dànù kí ẹ fi ẹ̀wà rọ́pò rẹ̀, òjò oṣù Kẹsàn-án ṣì máa bá a. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.